Kẹ̀kẹ́ Kan fún Ìgboro àti Oko

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Kò fẹsẹ̀ kan Ọ̀yọ́, kò kan Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó sọ kẹ̀kẹ́ ológeere di ààyò lọ́dọ̀ wa ní agbègbè yẹn.

Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn baba wa ń wá, èyí tí yóò yẹ wọ́n ní ìgboro, tí yóò sì la ọ̀nà tóóró dé oko ẹgàn. Oko ni wọ́n ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ìlú ni wọ́n ń bọ̀ fún Jímọ̀, fún ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, fún ìgbéyàwó.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Nottingham ni bàbá mi àgbà ń gùn. Irin gidi ni. Ọ̀pá irin ló ń fa bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ní 28 ínṣì, nítorí náà kò tètè há sí kòtò. Kò ní jíà. Bí òkè bá le, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í. Kárià ẹ̀yìn ni mo kà sí iyì rẹ̀ jù: ó ń gbé àpò èlùbọ́, iṣu, igi ìdáná, àní ìyàwó tó pọnmọ.

Ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ náà báyìí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ kan fún ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ọ̀nà oko, kó ra èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tó ní kárià líle, tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n tún ṣe.