Apapa Tó Rì, Apapa Tó Padà Dé

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ti ìlú Liverpool náà wo ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń ná. Wọ́n pe ọ̀kan ní Accra, wọ́n pe èkejì ní Apapa, orúkọ èbúté tiwa ní Èkó. Èrò àti lẹ́tà ni wọ́n ń kó láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Lọ́dún 1940, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì yìnbọn lu Accra, ó rì. Lọ́dún náà gan-an, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lu Apapa, òun náà rì. Adda tẹ̀lé wọn ní 1941, Abosso ní 1942. Nínú Abosso nìkan, ó lé ní 300 ènìyàn tó kú.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n kan Accra tuntun ní 1947, Apapa tuntun ní 1948 àti Aureol ní 1951. Aureol ni bàbá àgbà mi wọ̀ lọ kàwé. Ní 1974, tí ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀, Aureol ṣíwọ́ iṣẹ́ náà.

Mo bi bàbá àgbà léèrè nípa Apapa tó rì ní 1940. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé òmíràn ti wà rí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Bí a bá sọ ọmọ ní Babátúndé, a kì í gbàgbé baba tó lọ. Orúkọ ọkọ̀ padà dé, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ àti èrò tó bómi lọ kò padà. Bí a bá ń ka iye ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a ka àwọn náà mọ́ ọn.