Ta Ló Ń Dáhùn Tí A Bá Pe .ng?

Ní Ìlọrin, àlejò tó ń wá ilé ẹnìkan á kọ́kọ́ bèèrè agbo ilé rẹ̀. Ẹni tó jókòó ní Ọjà Ọba lè má mọ yàrá yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Tí a bá tẹ orúkọ tó parí sí .ng sórí fóònù, àwọn tó ń tọ́jú .ng á júwe àwọn kọ̀ǹpútà tó mọ ibẹ̀ fún wa. Name server là ń pè wọ́n.

Paul Mockapetris ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ìlànà tó jáde ní 1987 ní kí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní name server méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan lè dáhùn bí èkejì bá dákẹ́. .ng dé ní 1995, Ibukun Odusote sì ni alábòójútó rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, NiRA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ló di ìwé orúkọ náà mú.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kọ̀ǹpútà lè kú, kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Oníbàárà á máa wá ṣọ́ọ̀bù títí, kò ní rí i. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí owó orúkọ tí name server ń jẹ́ bá tán, ẹlòmíì lè rà á, kó máa darí àlejò síbi tó wù ú. Ní 2017, Matthew Bryant ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ń dáhùn fún .io, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ṣé kí NiRA kàn pa orúkọ tó dákẹ́ rẹ́ ni? Rárá o. Níbi tí iná ti ń lọ tí dísù sì wọ́n, dídákẹ́ kì í ṣe ikú. Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n kàn ilẹ̀kùn láti ibi púpọ̀, fún ọjọ́ púpọ̀. Kí wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó ni orúkọ. Kí wọ́n fún un láyè. Bí kò bá sí èsì, kí wọ́n yọ name server tó kú, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹni tó sanwó rẹ̀. AFRINIC, tó ń pín nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà, ní òfin tó jọ èyí fún apá tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ìkìlọ̀ ò wúlò bí kò bá rẹ́ni kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní .ng, í-meèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń ṣí i?