Páànù Orí Ilé Wa: Awọ Tí Ń Gba Irin Lọ́wọ́ Ìpẹtà

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa tó ṣòwò ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, fi ń lé ohun kan: ilé onípáànù ní ìlú wọn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí wà lára wọn, ní Kùmásí, Tamale àti Accra.

Láyé àtijọ́, koríko la fi ń bo ilé. Bí iná bá ràn mọ́ ọ̀kan, ó lè jó àdúgbò tán. Páànù kì í jó. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó túbọ̀ rọrùn láti gbé e láti etí òkun wọ ilẹ̀ inú.

Ṣùgbọ́n irin ni páànù, irin tí omi àti afẹ́fẹ́ bá sì jọ kàn yóò dípẹtà. Awọ síńkì tó wà lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ní 1742, Paul Jacques Malouin, ará Faransé, ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ ní Paris bí síńkì yíyọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin. Ní 1829, Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà ebúté ní London, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí páànù tí ara rẹ̀ rí bí ìgbì omi, èyí tó mú kí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lágbára. Ní 1837, Stanislas Sorel, ará Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rírì irin bọ inú síńkì gbígbóná. Ìmọ̀ méjèèjì yìí ló para pọ̀ di páànù tí a mọ̀.

Iṣẹ́ méjì ni síńkì ń ṣe. Ó ń dí omi àti afẹ́fẹ́ lọ́nà. Bí nǹkan bá sì ha páànù, síńkì tó yí ojú ibẹ̀ ká ni yóò kọ́kọ́ jẹ, kí irin tó jẹ. Ṣùgbọ́n bó bá tán, ó tán. Pupa tí à ń rí lórí òrùlé àtijọ́ ní Ìbàdàn, irin tí awọ rẹ̀ ti tán ni. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun tún máa ń jẹ síńkì kíákíá, nítorí náà páànù tó lè pẹ́ ní Tamale lè tètè pọ́n ní Accra tàbí Èkó.

Ní 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ti kan páànù sílé rí ibi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò tíì kọ́lé di àlejò ní ìlú bàbá rẹ̀.

Títí di òní, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra páànù díẹ̀díẹ̀, tí à ń kó o sí ẹ̀yìnkùlé ìbátan títí owó ilé yóò fi pé. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí òjò bá wọ àárín páànù tí a tò lé ara wọn, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè gbẹ ẹ́, nǹkan funfun bí ẹfun yóò yọ lára rẹ̀. Síńkì ló ń jẹ yẹn, kí páànù tó gun orí ilé rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á kó o sí abẹ́ òrùlé, lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ. Ẹ má jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tútù kàn án. Èyí tó bá ti ń pọ́n lórí ilé, kí á ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, kí á kùn ún ní ọ̀dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Òógùn ìdálẹ̀ la fi ra páànù wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òógùn náà ṣòfò. Ilé wa kò ní jò, a ó sì fi ayọ̀ délé.