Ta ni yóò san owó àtúnṣe ilé arọ? Ìtàn láti ilẹ̀ Faransé

Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá rọ, ilé tí ó ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ lè di ẹ̀wọ̀n fún un. Àtẹ̀gùn méjì péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gùn ún. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò fẹ̀ tó. Ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Owó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilẹ̀ Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí san nínú owó náà.

Láyé àtijọ́, wọn kì í tún ilé ṣe fún aláàbọ̀ ara. Wọ́n ń gbé e kúrò níbẹ̀ ni. Ní 1670, ọba Louis XIV pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé ńlá kan ní Paris, tí à ń pè ní Invalides, fún àwọn ọmọ ogun tó ti gbọgbẹ́ tàbí tó ti darúgbó. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, òfin 31 oṣù kẹta 1919 fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní owó tí wọn yóò máa gbà. Ẹni tí àìsàn lásán sọ di arọ nínú ilé bàbá rẹ̀ kò sí nínú òfin yẹn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni André Trannoy. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè jáde lọ ṣe ìpàdé, nítorí náà ìwé kíkọ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwé àjákọ tí pósítì ń gbé láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá gbà á yóò ka ohun tí àwọn yòókù kọ, yóò kọ tirẹ̀ sí i, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní 1933, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn arọ ilẹ̀ Faransé sílẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé, ìwé àjákọ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí.

Ó pẹ́ kí òfin tó tẹ̀ lé wọn. Òfin 30 oṣù kẹfà 1975 sọ pé ìtọ́jú aláàbọ̀ ara jẹ́ ojúṣe gbogbo orílẹ̀-èdè. Ti 11 oṣù kejì 2005 wá sọ ọ́ síwájú sí i: ohunkóhun tó wù kó fa àìlera náà, ẹni náà ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ láti lè máa gbé ayé rẹ̀. Láti 2006, ẹni tó fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe yóò kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní MDPH ní ẹkùn rẹ̀. Wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò wo ìwé tí mọlémọlé kọ iye iṣẹ́ sí, ìgbìmọ̀ yóò sì pinnu.

Owó náà kò ju 10,000 euro lọ láàárín ọdún 10. Ìyẹn ju mílíọ̀nù 6 àti ààbọ̀ lọ ní fráǹkì tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń san 1,500 euro àkọ́kọ́ pé. Èyí tó bá lé, ìdajì ni wọ́n ń san. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ 6,500 euro, wọn yóò san 1,500, wọn yóò sì fi ìdajì 5,000 kún un. Ó di 4,000. Arọ ni yóò wá 2,500 tó kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá pọ̀ kì í rí tó èyí gbà pàápàá.

Àwọn tó ṣe òfin 2005 mọ ìṣòro yìí. Wọ́n kọ ọ́ pé owó tó kù lọ́rùn aláàbọ̀ ara kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ní lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kò kọ ìlànà tí wọn yóò fi ṣe é. Àwọn aláàbọ̀ ara gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2016, Conseil d'État dájọ́ pé kí ìjọba kọ ìlànà náà láàárín oṣù 9, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 100 euro lójúmọ́ ni owó ìtanràn. Síbẹ̀, 2022 ni ìlànà náà tó jáde. Ọdún 17 nítorí ìwé kan! Láti 2024, owó mìíràn tún wà, MaPrimeAdapt', fún arúgbó àti aláàbọ̀ ara tí owó wọn kò pọ̀. Ó ń san ìdajì tàbí 70 nínú 100, lórí iṣẹ́ tí kò ju 22,000 euro lọ.

Ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, a ní òfin 2017-06, ti 29 oṣù kẹsàn-án 2017, lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Lábúlé, ẹbí ló sábà máa ń da owó jọ kí wọ́n tó pe mọlémọlé. Ohun kan wà tí a lè gbà lọ́wọ́ àwọn ará Faransé láìsan owó: ìwọ̀n ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà gòkè. Mítà 1 kò gbọdọ̀ ga ju sàǹtímítà 5 lọ. Àtẹ̀gùn méjì tó ga tó sàǹtímítà 34 ń fẹ́ ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7. Bí ojúde kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mọlémọlé kó ṣẹ́ ọ̀nà náà sí méjì, kó sì fi ibi tó tẹ́jú sí ààrin, níbi tí kẹ̀kẹ́ yóò ti yí.