Ibo Ni Omi Ti Ń Wọlé? Ìtàn Èbu àti Ọ̀rinrin, láti Ààfin Ọ̀yọ́ dé Gowon Estate

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tó ń gbé inú ilé tó ti pé àádọ́ta ọdún mọ ibi tó yẹ kóun wò. Á wo sílíìnì tó wà lábẹ́ ilé ìwẹ̀ àwọn ará òkè. Á wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, á sì wo ìsàlẹ̀ ògiri tó kọjú sí gọ́tà. Níbẹ̀ ni ọ̀dà ti ń wú tó sì ń bó, níbẹ̀ sì ni èbu dúdú ti ń tàn lọ. Lọ́pọ̀ ilé, akunlé ni wọ́n máa ń pè bó bá ti di oṣù Kejìlá kí ọdún tuntun lè bá ilé ní mímọ́. Ọ̀dà á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí òjò mìíràn á fi dé.

Gowon Estate, tó wà láàárín Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ àwọn ilé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí Nàìjíríà láti 1966 sí 1975, ni wọ́n sì fi pè é. Owó epo ló gbòde nígbà náà. Ní 1973, ìjọba fi òfin dá Federal Housing Authority sílẹ̀. Nígbà tí Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, ti 1975 sí 1980, yóò fi jáde tán, ilé 202,000 ni ìjọba lóun fẹ́ kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àsìkò kan náà ni FESTAC Town dìde lápá kejì Èkó.

Ilé tó tó báyẹn kò ṣeé kọ́ láìsí símẹ́ǹtì. Ìjọba sì ra símẹ́ǹtì kọjá ohun tí èbúté lè gbà: bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù ni wọ́n rà, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ààbò ló sì béèrè fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni èbúté Èkó lè já lọ́dún. Nígbà tó fi máa di 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ti tò sórí òkun níwájú Àpápá, wọ́n ń gba owó ìdádúró lójoojúmọ́. Símẹ́ǹtì tó wà nínú wọn ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ òkun sára, òmíràn sì di òkúta sínú àpò kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí ìjọba Gowon kúrò. Kí orílẹ̀-èdè tó lè fi símẹ́ǹtì yẹn kọ́ ilé tán ni ọ̀rinrin ti kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

Ohun tó ń ṣe àwọn ilé náà lónìí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Páìpù irin tí wọ́n rì mọ́ inú ògiri láyé ìgbà yẹn ti dógùn-ún, ó ń jò díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ará òkè ti sán, omi rẹ̀ ń rin kọǹkéré títí dé sílíìnì ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe, ọ̀nà á ga sí i, ilé á sì dà bí ẹni pé ó rì. Onílé á tún tẹ́ interlock yí ilé ká, ilẹ̀ ìta á ga ju ìpìlẹ̀ inú lọ, àgbàrá á wá máa sinmi sára búlọ́ọ̀kù tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Ilé ìgbà náà fẹ́ràn fèrèsé lúfà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Ọ̀pọ̀ ti yọ lúfà, wọ́n ti fi fèrèsé sliding rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìdajì rẹ̀ nìkan lè ṣí. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ iwájú, wọ́n kọ́ yàrá mọ́ ẹ̀yìn, yàrá àárín kò sì rí ìta mọ́. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ ilé Jákàńdè tó wà ní Abẹ́sàn, nítòsí ibẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ lẹ́yìn 1979.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀ pé omi ni ọ̀tá ilé. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì máa ń mọ ọ́n, ìpele kan lórí òmíràn, wọ́n á jẹ́ kí ìpele ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé tòkè lé e. Òrùlé á yọ jáde dáadáa kọjá ògiri kí òjò má baà máa gbá a. Láàárín agbo ilé ni àgbàlá máa ń wà, òjò orí òrùlé á dà síbẹ̀, wọ́n á fi ìkòkò gbe èyí tí wọ́n fẹ́ lò, ìyókù á gba ojú ihò jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n ń fi àpáàdì tí wọ́n to ní ìdúró tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé ẹni tó tẹ́ ẹ kò fẹ́ ẹrẹ̀, kò sì fẹ́ kí omi dúró.

Ọ̀yọ́ lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún Bẹẹrẹ ni ìgbà tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń gbé koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin láti fi tún òrùlé bò. Ìsìn ni, ó sì tún jẹ́ àmì pé ìlú kan ṣì ń júbà Aláàfin. Ẹ wò ó dáadáa: ìjọba ńlá kan sọ àtúnṣe òrùlé di ọ̀ràn ọdọọdún tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Kò sí ilé ìjọba kan ní Nàìjíríà lónìí tí àtúnṣe rẹ̀ lọ́lá tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn láyé náà bá ọ̀rinrin jà. Nínú ìwé Léfítíkù, orí kẹrinlá, òfin wà fún ilé tí àbàwọ́n bá yọ lára ògiri rẹ̀. Àlùfáà ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kó ẹrù inú ilé jáde kó tó wọlé. Á ti ilé náà pa fún ọjọ́ méje. Bí àbàwọ́n bá tàn sí i, wọ́n á yọ òkúta tó bà jẹ́, wọ́n á gbé e sọnù sẹ́yìn ìlú, wọ́n á ha gbogbo ara ògiri nínú, wọ́n á fi òkúta tuntun sí i, wọ́n á sì tún un rẹ́. Bó bá tún padà yọ, wíwó ló kàn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn oníṣẹ́ òde òní ṣe ń ṣe é yóò rí i pé ìgbésẹ̀ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Vitruvius, ará Róòmù tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ kí wọ́n tó bí Jésù, gbani nímọ̀ràn pé níbi tí ọ̀rinrin bá wà, kí wọ́n fi àpáàdì lílọ̀ dípò yanrìn rẹ́ ògiri láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bí ọ̀rinrin náà kò bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n mọ ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kejì síwájú èyí àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá sí àárín méjèèjì.

Símẹ́ǹtì Portland, tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824, yí ọ̀nà ìkọ́lé padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í po símẹ́ǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé búlọ́ọ̀kù di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lé. Ọ̀pọ̀ gbà pé símẹ́ǹtì kì í mu omi. Ó ń mu ún. Búlọ́ọ̀kù kún fún ihò kéékèèké, omi sì ń gba inú wọn gòkè láti ilẹ̀, ó lè tó nǹkan bíi mítà kan. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn tàbí ohun mìíràn tí omi kò lè là kọjá sórí ìpìlẹ̀ kó tó mọ ògiri. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ èyí di dandan ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Bí ohun náà bá ti gbó, tàbí tí interlock bá ti ga jù ú lọ, ògiri ti pàdánù ààbò rẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá wà nínú ìtàn yìí. Ní 1902, Willis Carrier ṣe ẹ̀rọ kan fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí bébà wú kó sì sún, àwọ̀ kò sì bọ́ sójú ibi tó yẹ. Gbígbẹ ọ̀rinrin ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ìtura ara wá tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ kíkó èbu kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́ kò tíì pẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìlera ìlú New York gbé ìlànà jáde ní 1993 lórí èbu dúdú tí wọ́n ń pè ní Stachybotrys, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ ní 2000 kó lè kan gbogbo oríṣi èbu. Ilé-iṣẹ́ ààbò àyíká Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde fún ilé-ìwé àti ilé iṣẹ́ ní 2001. Ní 2005, ìjì Katrina fi omi bo New Orleans, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé hu èbu láti ilẹ̀ dé àjà, iṣẹ́ náà sì gbòòrò lọ́gán. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tó so ọ̀rinrin àti èbu inú ilé mọ́ ikọ́ fée àti àwọn àìsàn èémí mìíràn. Ohun tí gbogbo ìwé wọ̀nyí tẹnu mọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ dá omi dúró ná. Wọ́n ní kí ohun tó bá rin gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn èbu ti lè máa ta gbòǹgbò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú ọmọ kékeré ló yí òfin padà. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní oṣù Kejìlá 2020 ní Rochdale nítorí èbu inú fúláàtì tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti ráhùn láti 2017. Ilé-iṣẹ́ tó ni fúláàtì náà ní kó kun ọ̀dà lé e. Ìwádìí ilé ẹjọ́ tó parí ní 2022 fi hàn pé èbu ló fà á, òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2025: ilé-iṣẹ́ tó ni ilé ìjọba gbọ́dọ̀ wá wo ọ̀rinrin àti èbu tó léwu láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, kí wọ́n sì bójú tó ewu pàjáwìrì láàárín wákàtí 24. Ọ̀ràn yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá níbẹ̀ gan-an. Ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ìdílé àkọ́kọ́ kó wọlé ní 1968, ìráhùn nípa omi tó ń wọlé sì ti bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ilé kọǹkéré àsìkò kan náà pẹ̀lú Gowon Estate ni, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe wọ́n.

Ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé má ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Èkó, tí òjò ọdún kan ń kọjá mílímítà 1,500, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ nìkan sábà máa ń ju ìdá 80 lọ. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ agbọ̀rinrin wá sílé tí iná kì í dúró ti na owó rẹ̀ síbi tí kò tọ́. Ohun tó ṣeé ṣe níbí ni kí omi má wọlé, kí afẹ́fẹ́ sì máa kọjá.

Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ ṣèwádìí. Á lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, á fi téèpù dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá hù lẹ́yìn ọ̀rá, láti inú ògiri ló ti ń bọ̀. Bó bá hù lójú rẹ̀, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Á kán omi sórí ohun funfun tó dà bí ìyẹ̀fun lára ògiri: bó bá yọ́, iyọ̀ ni, kì í ṣe èbu. Á ti gbogbo ẹnu omi pa, á sì wo bóyá mítà tàbí omi inú táńkì ṣì ń yí padà. Lẹ́yìn náà ni púlọ́ńbà á tú páìpù, bíríkìlà á sì gé gbogbo ibi tí rírẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ títí kan búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó tún un rẹ́. Akunlé ló gbẹ̀yìn.

Èbu tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lóòró àti mẹ́ta níbùú lọ, onílé lè fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó bo imú, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Sílíìnì páálí tó ti hu èbu kò ṣeé fọ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Hypo àti Jik lè mú kí àwọ̀ dúdú náà pòórá lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í dé inú búlọ́ọ̀kù tó ti mumi. Ẹ má ṣe pò wọ́n mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá tàbí mọ́ ásíìdì láé, nítorí gáàsì tó máa jáde lè pa ènìyàn nínú ilé ìwẹ̀ kékeré.

Àwọn onílé àti ayálégbé Gowon Estate, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ sì jọ ṣe é, nítorí páìpù ará òkè ni sílíìnì ará ìsàlẹ̀ ń sanwó fún. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé ibo ni omi ti ń wọlé. Bí kò bá lè fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀, ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún un.