Ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ

Ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ran àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, schizophrenia àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Èèyàn díẹ̀ á máa pàdé déédéé, wọ́n á jọ sè, wọ́n á jọ jẹ. Kò rọ́pò oògùn. Ohun tó wà fún ni pé kí ẹni tí àìsàn ti gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tún lè nájà, kó dáná, kó sì bọ́ ara rẹ̀.

Ìtàn

Ní 1796, William Tuke àti àwọn ẹlẹ́sìn Quaker ṣí ilé ìtọ́jú York Retreat ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ọgbà ti jẹ́ ara ìtọ́jú. Ní Fountain House, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1948, aláìsàn àti òṣìṣẹ́ jọ máa ń se oúnjẹ ọ̀sán. Ní Nàìjíríà, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954. Nígbà náà, aláìsàn á mú ẹbí kan wá. Ẹbí yìí ló ń se oúnjẹ, tó ń fọṣọ, tó sì ń mú un lọ sílé ìwòsàn. Nínú ẹ̀kọ́ òde òní, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń di orógùn mú.

Ètò rẹ̀

Olùdarí máa ń pín oúnjẹ sí iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ mọ́ínmọ́ín, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè máa ṣa ẹ̀wà. Ẹni tí oògùn ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lè máa bó èèpo ẹ̀wà nínú omi, torí iyẹn kò gba ọ̀bẹ. Àwòrán ara ògiri á máa rán ẹni tó ń gbàgbé létí ohun tó kàn. Ẹni tó bá ní òun kàn fẹ́ jókòó máa wò, wọn kì í fipá mú un.

Ààbò

Wọ́n máa ń ka ọ̀bẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Ẹni tí oògùn ń kùn lóorun kì í sún mọ́ iná. Ẹni tó ń lo lithium kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dín iyọ̀ kù, kí oògùn náà má baà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lo phenelzine kì í jẹ wàràkàṣì tó ti pẹ́, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Olanzapine àti clozapine máa ń múni sanra, wọ́n sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà, torí náà olùdarí máa ń dín epo àti ṣúgà kù nínú oúnjẹ.

Àbájáde

Àkójọ ìwádìí tí Nicole Farmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè lè fún èèyàn ní ìgboyà àti inú dídùn, ṣùgbọ́n ìwádìí tó wà nílẹ̀ kò tíì pọ̀. Ohun tí aláìsàn lè sè nílé ni òṣùwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù. Bó bá jẹ́ sítóòfù kẹrosíìnì ló ní, kò yẹ kó jẹ́ orí gáàsì nìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ, oúnjẹ tí wọ́n bá sì yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ ká.