Nọ́ọ̀tì Táyà Tó Le Koko: Bí Ẹ Ṣe Lè Tú U, àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kẹ́ Ẹ Dè É Padà

Táyà jò lójú ọ̀nà. Sípíà wà nínú búùtù, jáàkì wà, sípánà náà wà. Síbẹ̀, nọ́ọ̀tì kọ̀, kò tú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló mọ ìyọnu yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé nọ́ọ̀tì ọ̀hún bàjẹ́. Ẹni tó dè é kẹ́yìn ló dè é ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé méjèèjì pọ̀, títú àti dídè.

Kí ló ń jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀?

Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́, omi òjò àti ẹrẹ̀ máa ń wọ àárín nọ́ọ̀tì àti bóòtù, irin á dógùn-ún, méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra, àgàgà tí wọn ò bá tú táyà náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì, àwọn kan máa ń ki páìpù bọ ìdí sípánà, wọ́n á tún gorí ẹ̀ dúró. Àwọn mìíràn á fi ẹ̀rọ onífẹ́fẹ́ dè é láìwo ìwọ̀n. Wọ́n rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bóòtù máa ń nà díẹ̀ bí a bá ń dè é. Nínà yẹn ló ń jẹ́ kó di rìímù mú. Bó bá nà kọjá agbára rẹ̀, kò ní lè súnkì padà mọ́, ó sì lè já nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì

Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lójú títì, síbi tó tẹ́jú tí ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ fi òkúta há táyà tó wà ní òdìkejì. Kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dúró jìnnà sí títì. Tí ibẹ̀ bá léwu, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, lórí 122.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tú u

1. Ẹ má tíì jáàkì ọkọ̀. Ìgbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì. Táyà ò ní lè yí, ọkọ̀ ò sì ní já bọ́ lórí jáàkì.

2. Ẹ lo sípánà tó bá a mu. Ọ̀pọ̀ Toyota ń lo 21, Honda ń lo 19, Volkswagen àti Mercedes ń lo 17. Sípánà tó bá fẹ̀ jù á jẹ orí nọ́ọ̀tì náà, á wá di róbótó.

3. Ẹ fín WD-40 sí i, kẹ́ ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má jẹ́ kó kan bíréèkì.

4. Apá òsì là ń yí nọ́ọ̀tì sí tá a bá ń tú u. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sípánà nà sí apá òsì yín, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fò lé e. Títú nìkan la lè torí ẹ̀ lo páìpù.

5. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ yí i sí apá ọ̀tún díẹ̀, bíi pé ẹ fẹ́ dè é, kẹ́ ẹ tó dá a padà sí òsì. Èyí máa ń já ohun tó lẹ̀ ọ́ mọ́ra.

6. Tẹ́ ẹ bá ti dẹ gbogbo wọn díẹ̀, ẹ wá jáàkì ọkọ̀, kẹ́ ẹ yọ wọ́n tán.

Ẹ má fi iná yọ́ nọ́ọ̀tì o. Ooru lè mú kí táyà bẹ́. Tí orí nọ́ọ̀tì bá ti di róbótó, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló yẹ kó lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dè é

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà họ ara bóòtù mọ́. Ẹ má fi gírísì tàbí ọ́ọ̀lì sí i. Ó máa ń yọ̀, agbára kan náà tẹ́ ẹ bá lò á wá na bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì wọlé. Tí kò bá wọ̀ bẹ́ẹ̀, kò jókòó dáadáa nìyẹn. Ẹ má fi sípánà fipá mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá dè wọ́n le. Ẹ má dè wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì 5, ẹ máa fo ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 4, tàbí 6 bíi ti Hiace, ẹ máa lọ sí èyí tó kọjú sí i.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló máa sọ ọ́. Ti Toyota Corolla jẹ́ 103 Nm. Ẹ fojú inú wò ó báyìí: tí sípánà yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó dà bí ìgbà tí ẹ fi ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 tó bá gorí sípánà yẹn ti lo agbára tó ju ìlọ́po méjì lọ. Sípánà tí wọ́n ń pè ní torque wrench ló ń wọn èyí. Tó bá ti dún kọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Tẹ́ ẹ ò bá ní in, sípánà kékeré tó bá ọkọ̀ wá àti agbára apá yín nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì ní kí mẹkáníìkì tó ní in bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, bíi ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìró kọ́kọ́kọ́ lára táyà, tàbí tí sitiári ń gbọ̀n, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, ẹ má kàn jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ sọ fún un pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, apá ni kẹ́ ẹ fi dè é, ẹ má gorí ẹ̀." Ẹ̀yin náà lẹ máa tú u lọ́jọ́ tó bá jò lójú ọ̀nà.